'Ẹ kú iṣẹ́' nìkan kò tó fún akéwì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà bébà àti yíǹkì tó ń gbówó lórí. Mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́, ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó ka ti òṣèlú. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kéwì lórí fóònù jáwọ́ nínú rẹ̀, pé wọ́n ń ba ewì Yorùbá jẹ́, kí wọ́n gbé gègé sílẹ̀ títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní ṣe ni wọ́n kàn ń yin ara wọn. Ẹni tó kọ kántankàntan, "ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lọ́gbọ́n" ni wọ́n á fi dá a lóhùn, wọ́n á wá to àwòrán àtẹ́wọ́ sí ìdí rẹ̀.

Ní ti ìyìn òfìfo yẹn, òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ. Mo ti rí i, ó sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n pé kí àwọn ọmọ gbé gègé sílẹ̀, n kò gbà. Níbo ni ẹni tó ti gbé gègé sílẹ̀ yóò ti mọ̀ ọ́n kọ? Èyí tó ń dùn mí ni pé ẹni tó rí ibi tí ewì kù sí kì í fẹ́ sọ, bó bá sì máa sọ, èébú ló máa ń fi gbé e jáde.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, télọ̀ ni mí ní ìlú Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Bí Ojúde Ọba, ọdún tí a fi ń kí ọba wa lẹ́yìn Iléyá, bá ti ń súnmọ́lé, tí àwọn regbẹ́regbẹ́ ti mú aṣọ ẹgbẹ́ jáde, oorun kì í kan ojú mi. Láàárín iṣẹ́ yìí ni mo ti ń kéwì. N kò tẹ ìwé kankan jáde rí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan, àwa tí a fẹ́ràn ewì láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìyá kan tó ń din gàrí ní Àgọ́-Ìwòyè wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ń ṣòwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Òru wà níbẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun ní Ṣàgámù, àti àwọn mìíràn. Kálukú á ka ewì rẹ̀ sínú fóònù, á fi ohùn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn yòókù á sì sọ ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀. Ohùn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ bí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n, ó ń gbà á ní àkókò. Ewì Yorùbá tí kò ní àmì, ìdajì rẹ̀ ló dé ọwọ́ òǹkàwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa, nítorí òun gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ irun yìí kéwì nípa ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ṣòwò obì. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù mọ̀ pé obì kì í ṣe nǹkan eré níbẹ̀. Láti ayé àwọn bàbá wa ni obì Rẹ́mọ ti ń kún inú ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, tí àwọn Hausa sì ti fi Ṣàgámù ṣe ilé nítorí rẹ̀. Ọmọ náà wá kọ ọ́ pé ìyá òun jókòó ti "gbànja olójú mẹ́rin", ó ń kà á sínú agbọ̀n.

Kò pẹ́ tí ewì náà dé ni ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ dá a lóhùn: "Ẹni tí kò mọ obì ló ń kéwì obì. Lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Gbànja, ojú méjì ló ń ní, ìyẹn awẹ́ méjì tó ń là sí. Àbàtà ló ń ní ojú mẹ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun la sì fi ń wúre níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Àṣìṣe gidi ni ọmọ náà ṣe, irú èyí tí ẹni tó dàgbà sídìí obì yóò gbọ́ tí ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Àmọ́ ọmọ náà kò gbọ́ àṣìṣe, èébú ló gbọ́. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi tí a fi rò pé a ò ní í gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyá onígàrí ló pè é lórí fóònù. Kò bá a bú ọkùnrin yẹn, kò sì tàn án pé ewì náà pé. Ohun tó wí fún un, ó sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà: "Ìyá rẹ àgbà ṣì wà, àbí? Lọ jókòó tì í. Bi í léèrè pé ojú mélòó ni gbànja ní. Ohun tó bá tún sọ lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀."

Ọmọ náà lọ. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí, ó la gbànja fún un, ó la àbàtà fún un, ó kó méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó sọ fún un pé gbànja ni àwọn tó ń jẹ obì fún adùn ẹnu ń rà, pé àbàtà ni àwọn tó fẹ́ wúre ń béèrè. Ó fi hàn án bí wọ́n ti ń bó o, bí wọ́n ti ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ, bí wọ́n ti ń ṣa èyí tí kòkòrò ti dá lu sọ́tọ̀ kó má baà ba ìyókù jẹ́. Ojú ìyá náà kan ti fọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò wá sí i lọ́kàn rí pé ó yẹ ní kíkọ. Ọjọ́ tó jókòó tì í yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ojú kan ṣoṣo ni ìyá òun fi ń dá obì tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Nígbà tí ewì náà yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di báyìí:

Ojú méjì ni gbànja fi ń wo oníbàárà,
Ojú mẹ́rin ni àbàtà fi ń wo ọ̀run;
Ojú kan ṣoṣo tó kù fún ìyá mi àgbà
Ló fi ń ka gbogbo wọn sínú agbọ̀n.

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kí n wá ẹni tó kọ ìlà mẹ́rin tó jù wọ̀nyí lọ ní gbogbo Rẹ́mọ lọ́dún yẹn, ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ kò yé mi.

Ẹ wá wò ó. Ká ní "ẹ kú iṣẹ́" la fi dá ewì àkọ́kọ́ yẹn lóhùn, gbànja ìbá ṣì ní ojú mẹ́rin títí dòní. Ká ní èébú ọkùnrin yẹn ló sì dúró bẹ́ẹ̀, a kì bá tí ní gbànja, a kì bá tí ní ewì. Àṣìṣe kan náà ni ẹni méjì rí. Èyí àkọ́kọ́ fi lé ọmọ náà sẹ́yìn, èyí kejì fi rán an lọ sídìí ìyá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí a máa sọ òtítọ́ fún ara wa.

Ọkùnrin tó sọ̀kò ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà láàárín wa o. A kò lé e, nítorí ó mọ nǹkan. Bàbá onípákó ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìmọ̀ tó ní nípa obì, ìbá ti fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀, ìbá sì tó gbogbo wa jẹ. Nísinsìnyí, bí ọ̀rọ̀ oko, ti igi tàbí ti ẹranko bá wọ inú ewì kan, òun là ń bi.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àríwísí jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń ṣe. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tó ṣa ìjálá jọ tó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1966, ṣàlàyé pé bí asunjálá kan bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ògbógi, ọ̀kan nínú wọn á já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, á ní ó ti ṣìnà, á sì sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tí wọ́n já lù náà sì ní ẹnu láti gbèjà ara rẹ̀. Ìjálá náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, iré ọdẹ kò sì tìtorí ẹ̀ tú. Bí babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, tó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní "hin". Tó bá ṣì í, wọ́n á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Onígbàgbọ́ ni mí, n kò dáfá, ṣùgbọ́n ohun tó dára, ó dára. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò fi "hin" sílẹ̀ fún ohun tí kò tọ́ sí i, wọn kò sì fi "bẹ́ẹ̀ kọ́" lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé Ifá nítorí pé ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ télọ̀ tí mò ń ṣe ló la ojú mi sí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ìyìn. Oníbàárà tó bá wọ bùbá tí mo rán, tó ní "ó dára, ẹ ṣé o", tó wá lọ há a mọ́ inú àpótí, kò ràn mí lọ́wọ́. Èyí tó bá ní "Ìyá, abíyá yìí ń fún mi, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ jókòó gan-an ni", òun ló ń sọ mí di télọ̀. Ó sọ ibi tó fún kí n lè tú u. Ó tún sọ ibi tó jókòó, kí n má baà tú ibi tó dára mọ́ ibi tí kò dára. Akéwì tí a kò sọ ìlà tó dára nínú ewì rẹ̀ fún, bó bá padà lọ tún un ṣe, ó lè jẹ́ pé ìlà náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń yin ewì ní iṣẹ́ lọ́wọ́: kó tọ́ka sí ìlà náà pàtó, kó sì sọ ohun tí ìlà náà ṣe fún un.

Nínú gbogbo wa, ìyá onígàrí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kì í sọ nǹkan kan nípa ewì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á fi fóònù sílẹ̀, á padà sídìí agbada rẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ gàrí. Ọjọ́ tí wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́ náà, tí wọ́n ti dì í sínú àpò tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e kó lè kan dáadáa bí ti Ìjẹ̀bú, ti kọjá. Ó ku kí wọ́n jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dín in. Èéfín á máa ta á lójú, apá á máa ro ó. Ìlà tó bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ní àkókò yẹn, òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Á ní: "Eléyìí bá mi dé ìdí agbada." Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa béèrè nípa ìyókù. Ta ni? Níbo? Kí lo fi ojú ara rẹ rí níbẹ̀? Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Bí ẹnìkan bá ní ewì òun ti pé, a óò ní, "Ìlà wo ló máa dé ìdí agbada?" Inú ẹni máa ń dùn bí ìyá náà bá dárúkọ ìlà kan ṣoṣo péré, nítorí a mọ̀ pé kò sọ ọ́ láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan sí i. Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, gbogbo Ìjẹ̀bú ló ń kéwì arò. Kò yani lẹ́nu. Ọba tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, ọ̀pọ̀ wa kò mọ ọba mìíràn rí. Ojúde Ọba ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní oṣù Kẹfà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe fi tirẹ̀ ránṣẹ́:

Ikú ṣe wá léṣe, ó mú baba wa lọ,
Ìjẹ̀bú ń sunkún, omijé ń ṣàn lọ,
Erin wó, àjànàkú sùn lọ,
Ọba rere fi wá sílẹ̀, ó lọ.

Ẹkún gidi ló wà nídìí ewì yìí, mo mọ̀, nítorí ohùn ọmọ náà gbọ̀n nígbà tó ń kà á. Bàbá onípákó gbọ́ ọ, ó bi í léèrè pé: "Ọmọ mi, 'lọ' mẹ́rin yìí, èwo ló ń dùn ọ́ jù nínú wọn?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa pé ìparí ìlà ewì gbọ́dọ̀ jọra, nítorí ewì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa. Ọmọ á wá fi tipátipá wá ọ̀rọ̀ kan náà sí ìdí ìlà mẹ́rin, ìlà náà á sì ṣófo nítorí rẹ̀. Adùn ewì Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú kí a sọ ọ̀rọ̀ kan, kí a tún un sọ, kí a yí ẹyọ kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀ kí ìyàtọ̀ náà lè dún. Ó wà nínú kí ohùn òkè kọjú sí ohùn ìsàlẹ̀. Ó wà nínú oríkì tí a dá mọ́ ẹni tó ni ín, tí kò ṣeé fi ki ẹlòmíràn. Erin wó, erin wó, ta ni a kì í wí i fún? Bàbá ní kí ọmọ náà sọ ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba tí kò ní í rí mọ́. Ìlà mẹ́rin mìíràn ló fi dáhùn:

Iléyá yóò tún dé, ọ̀túnla rẹ̀ yóò pé,
Ẹṣin Balógun yóò jó wọ ojúde,
Ẹṣin yóò tẹrí ba bí ìṣe rẹ̀,
Ọwọ́ tó máa ń nà sí i láti orí àga, kò sí mọ́.

Èmi ni mo bá a fọwọ́ kan ìlà ìkẹyìn. Mo ní "kò sí mọ́" ti dá ara rẹ̀ lóhùn jù, ohùn rẹ̀ sì gbé ìlà náà ròkè níbi tó yẹ kó ti rọ̀. Mo ní jẹ́ kí ẹṣin béèrè. Ó wá kọ ọ́ pé, "Ọwọ́ tó máa ń nà sí i láti orí àga dà?" Ó kà á fún wa, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ níbi "dà" yẹn, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ "ẹ kú iṣẹ́" sí abẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ewì là ń fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀ o. Obìnrin kan láàárín wa fi ewì ránṣẹ́ ní kété tó sin ọkọ rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó sọ pé ìlà báyìí gùn jù. A bá a sunkún, a kí i kú ìrọ́jú, ó parí síbẹ̀. Oṣù díẹ̀ kọjá kí òun fúnra rẹ̀ tó ní ká wá bá òun tún un wò, ìgbà náà la tó gbé e kalẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ran akéwì lọ́wọ́ mọ ìgbà tí ewì jẹ́ ewì àti ìgbà tó jẹ́ ẹkún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú ju èébú lọ, òun ni ti àwọn tó ń ta ìyìn. Wọ́n á ní kí ọmọ mú owó wá káwọn fi ewì rẹ̀ sínú ìwé, gbogbo ohun tó bá kọ ló dára lójú wọn. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ kò ní í sọ fún un pé kó lọ béèrè ojú gbànja lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ èdè ilé náà wà níbẹ̀. Bàbá onípákó máa ń kéwì ní ẹnu Ìjẹ̀bú-Igbó pọ́ńbélé, ó sì ń dùn mọ́ wa. Ẹnìkan fi ìfẹ́ bá a "tún un ṣe", ó sọ gbogbo "ulé" di "ilé", gbogbo "uṣu" di "iṣu", bí ẹni ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí a kà á padà, ìró tó so àwọn ìlà náà mọ́ra wọn ti já. A dá a padà sí bó ṣe wà. Bí ẹnìkan bá ń ran akéwì lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ mọ ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, nítorí ẹ̀yin ìwé ìròyìn ní ọwọ́ nínú bí ewì Yorùbá alákọsílẹ̀ ṣe kọ́ ìrìn. Dénrelé Ọbasá, tó dá The Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, tó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ń gbé ewì jáde nínú rẹ̀ kó tó kó wọn jọ sínú ìwé ní 1927. Iwájú àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn ni ewì ti kọ́kọ́ jáde ná. Ìwé ìròyìn yín náà ń gbé ewì àwọn òǹkàwé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, ó parí, kò sẹ́ni tó máa sọ ohunkóhun sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ewì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sọ ìlà tó dúró àti ibi tó ku iṣẹ́ sí, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sì wà níbẹ̀ kó má baà máa sọ̀kò láti ẹ̀yìn ògiri. Ewì tí ẹ kò bá lè lò, ẹ fi gbólóhùn kan péré ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó fi ewì ránṣẹ́ tí kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń gbé inú ìrònú ni. Ẹ fi àmì ohùn sórí ewì wa pátápátá, kódà bí ẹ kò bá lè ṣe é fún àwọn ìròyìn tó kù. Bí ewì bá sì wá ní ẹnu Ìjẹ̀bú tàbí ẹnu Rẹ́mọ, ẹ má bá wa tún un ṣe.

Bí iṣẹ́ yẹn bá pọ̀ jù fún gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 21 oṣù Kejì, Ọjọ́ Èdè Abínibí tí UNESCO yà sọ́tọ̀. Ewì máa ń pọ̀ bí omi lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ "èdè mi dùn, èdè mi pé". Ojú ewé kan lọ́jọ́ náà, tí ewì àti ìdáhùn wà lórí rẹ̀ pọ̀, yóò ṣe àǹfààní ju ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn òṣèlú lọ.

Ní ti ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí mi. Ó dá mi lójú pé ó mọ ewì, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní í bínú tó bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Irú rẹ̀ gan-an là ń wá. Kó wá ewì ọmọ kan nínú àwọn tó ń bí i nínú yẹn, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kọ̀wé sí ọmọ náà.

Mo fi ewì obì yẹn sínú lẹ́tà yìí, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ọmọ tó kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin ni mo fi hàn lókè, ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibì kan wà nítòsí ìparí rẹ̀ tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ní í sọ ibẹ̀ fún yín, kí ẹ lè fi ojú ara yín wò ó. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ sí i nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní í tẹ̀ ẹ́, ẹ má kọ̀wé sí èmi, ọmọ náà ni kí ẹ kọ̀wé sí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn bébà náà, ó sì ti mọ̀ pé ẹ lè pe òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan tó fẹ́ràn ewì,
Ìjẹ̀bú-Òde.